Orúkọ Tí Ọmọpẹ́ Kò Pè

Joanna aṣerunlóge ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Èjìgbò, níbi tí mo jókòó sí tí ó ń di irun fún mi. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti dùn ún jù ni ó ti ń fa irun mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí Joanna kò mọ̀ níbẹ̀, Ọmọpẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi kún un fún mi.

Ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni Ọmọpẹ́, ọmọ Alàgbà Jeremiah Oyèníran. Eré orí fíìmù ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ ó dá a mọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni ẹ ó pè é. Olómi-Gbígbóná ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí fíìmù kan tí ó ti ṣe ìyàwó burúkú tí ó da omi gbígbóná sí ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó mọ eré náà ṣe jù. Ní ọjà Èjìgbò, ìyá arúgbó kan kọ̀ láti ta ẹ̀wà fún un. Ìyá náà ní, "Ìyá ọkọ rẹ ń jẹ̀rora nílé, ìwọ ń wá ẹ̀wà tó rọ̀ kiri! Gbẹ́sẹ̀ kúrò níwájú igbá mi." Ọmọpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi dé inú mọ́tò. Nígbà tí mọ́tò gbéra ni ẹ̀rín náà wá ń korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti tó ẹni tí ń wọlé ọkọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbọ́mọ pọ̀n, ta ni yóò sì mú Olómi-Gbígbóná lọ fi han ìyá tí ó bí i lọ́mọ?

Ayọ̀díjí ni ọkùnrin tí ó dán an wò. Òun ni atọ́kùn ètò Sọ Ọ́ Kí N Gbọ́, ìdíje ìmọ̀ tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé lórí tẹlifíṣọ̀n kan ní Òṣogbo. Ojú ẹsẹ̀ ni ètò náà ń jáde, wọn kì í ká a sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èdè Yorùbá ni ìbéèrè, èdè Yorùbá ni ìdáhùn, ẹni tí ó bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì lú u pàdánù máàkì. Lọ́dún tí mo ń wí yìí, àwọn gbajúmọ̀ nìkan ni wọ́n pè wá díje: òṣèré, olórin, aláwàdà, agbábọ́ọ̀lù. Ohùn Ayọ̀díjí dà bí epo tó ń ṣàn lórí iṣu gbígbóná. Àwọn obìnrin a máa dá iṣẹ́ dúró torí rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Ọmọpẹ́ lọ díje, nígbà tí ìpolówó ọjà dé, atọ́kùn náà gbé omi wá fún un.

Ọmọpẹ́ bi í pé, "Ṣé ẹnu kì í ro yín ni? Láti ìgbà tí a ti jókòó, ẹ ò sinmi."

"Iṣẹ́ ni. Ìdákẹ́ ni ọ̀tá wa níbí. Tí ẹni tí mo bi ní ìbéèrè bá ti dákẹ́, èmi ni mo gbọ́dọ̀ dí i. Ohunkóhun tó bá ti wá sí mi lẹ́nu ni mo máa ń jù síbẹ̀."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun. Mo ti kọrin Kérésìmesì nínú oṣù kẹfà rí."

Ọmọpẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bi í pé níbo ni ó ti wá. Ó ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn.

"Ẹ má parọ́! Ìsundunrin ni wọ́n bí mi sí. Ẹ̀yin ni ẹ máa ń wá jí iṣu wa."

"Iṣu yín wo? Èyí tí ẹ wá gbé lóko wa lẹ́ẹ̀rùn èṣí?"

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Kí ìdíje ọjọ́ náà tó parí, ó ti gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, Ọmọpẹ́ padà sí Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, Ayọ̀díjí sì ń pè é. Ohun kan ni ó ya Ọmọpẹ́ lẹ́nu. Lórí fóònù, ọkùnrin tí ń fi ẹnu rẹ̀ jẹun yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. A béèrè bí ó ṣe jí, a sọ bí òun náà ṣe jí, lẹ́yìn náà a dákẹ́. Ọmọpẹ́ a máa gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Ó máa ń gbé fóònù náà sí etí bí ó bá ń ro ọbẹ̀, bí ó bá ń sá aṣọ. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé gbogbo ayé ló ní ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin yìí. Òun nìkan ni ó fún ní ìdákẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni ó pè ní ìfẹ́, ó sì gbé ọkàn lé e.

Bàbá rẹ̀ kò bá a jà. Nígbà tí Ayọ̀díjí wá kí wọn ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí ó sọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, Alàgbà Jeremiah dúró kí ó lọ tán. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo ni n kò tíì mọ̀ bóyá ó lè gbé."

"Bàbá, ẹ ò fẹ́ràn rẹ̀ ni?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn."

Ìgbà ọyẹ́ ni Ayọ̀díjí mú un lọ sí Ìsundunrin. Joanna bá wọn lọ, nítorí Joanna, ọ̀rẹ́ Ọmọpẹ́, ni ó ń ṣe alárinà wọn. Àbíjáàn ni wọ́n bí Joanna sí, ọmọ Èjìgbò ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Tí ẹ̀rù bá bà á, Faransé ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí ìyá Ayọ̀díjí, Wàlíyátù, yọjú sí ìta, ó wo ojú Ọmọpẹ́, ó sì fi ọwọ́ lé àyà.

"Àsítáfúrúlái! Olómi-Gbígbóná ni ọmọ mi gbé wá sílé!"

Joanna fi Faransé ké pe Ọlọ́run, ó ní, "Mọ̀ń Díẹ̀," ó sì kúnlẹ̀ kíákíá kí ìyá má baà lé àwọn padà.

Bàbá ni ó gbà wọ́n sílé. Ògúnrìndé ni orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ oníṣu. Àgbà oníwà pẹ̀lẹ́ ni, "rọra" ni ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀. Ewúrẹ́ bá já wọlé, á ní kí ó rọra. Ọlọ́kadà bá sáré kọjá, á ní kí ó rọra. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀ náà, ó ní, "Rọra, Wàlíyátù. Fíìmù ni o rí."

"Fíìmù! Ta ló ní kó wá sí ojú fíìmù wá da omi?"

Nígbà tí ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ìrun Àsárì súnmọ́, Ọmọpẹ́ rí i pé omi inú kòkò tutù bíi yìnyín. Ó ronú pé kí òun ṣe ohun tí ìyàwó ilé ń ṣe. Ó wọ ilé ìdáná, ó mú kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bù ú sínú búta kí ìyá fi ṣe àlùwàlá, ó sì gbé e bọ̀ síta pẹ̀lú èéfín tí ń rú lẹ́nu rẹ̀.

Wàlíyátù rí èéfín. Kò dúró wo nǹkan mìíràn. Ó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó sá yí ẹ̀yìn ilé po. "Ẹ gbà mí o! Ó ti bẹ̀rẹ̀! Kò tilẹ̀ tíì wọlé tán, ó ti bẹ̀rẹ̀!"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ayọ̀díjí ń rẹ́rìn-ín. Joanna kò lè dìde nílẹ̀. Ọmọpẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró pẹ̀lú búta lọ́wọ́, omijé sì lé ròrò sójú rẹ̀. Bàbá rí i. Ó dá ẹ̀rín dúró, ó gba búta náà, ó fi omi inú rẹ̀ bọ́ ojú ara rẹ̀.

Ó ní, "Omi náà dára. Ìyàwó, kí ni o máa máa pè mí?"

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó tuntun kì í pe ẹnì kankan ní orúkọ nínú ilé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́ tí ó bá nílé. Ó ní láti fún oníkálukú ní orúkọ tirẹ̀. Ọkàn Ọmọpẹ́ fò nígbà tí ó gbọ́ ìbéèrè náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá Rọra ni màá máa pè yín, sà."

"Ó dára. Mo ti jẹ́ ẹ."

Ohùn Wàlíyátù wá láti ẹ̀yìn ilé. "Ta ni ìyàwó? Ta ló gbà á? Èmi ò tíì dáhùn o!"

Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni Ọmọpẹ́ kò ti pe orúkọ bàbá yẹn mọ́, bí ó tilẹ̀ ku òun nìkan nínú yàrá. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ẹnì kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú bàbá Alàgbà Jeremiah. Títí di òní, "Olórúkọ Bàbá" ni ìyá Ọmọpẹ́ ń pè é.

Joanna wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà Ìsundunrin bí ẹni tí ń lọ ọjà. Ẹ̀ẹ̀kan a gbé búrẹ́dì lọ, ẹ̀ẹ̀kan a di irun fún ìyá láìgba kọ́bọ̀.

Wàlíyátù a ní, "Joanna, mo mọ ohun tí o wá ṣe. Ìwà tó wà nínú ẹni lẹni fi ń ṣeré."

"Ìyá, ẹni tó ń ṣe òkú nínú fíìmù ńkọ́? Ṣé ó ti kú ni?"

"Ó lè máa ṣàìsàn."

"Háà, ìyá!"

"Má há mi ní háà. O rí bó ṣe da omi yẹn? Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ẹni tí kò da omi sí ènìyàn rí, ọwọ́ rẹ̀ á gbọ̀n."

Joanna a padà wá sọ fún Ọmọpẹ́. Ọmọpẹ́ a rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà a béèrè pé, "Ayọ̀díjí ńkọ́? Kí ni ó sọ fún ìyá rẹ̀?" Joanna a ní, "Ó ní kí ìyá fara balẹ̀." Ìyẹn ni ó máa ń sọ nígbà gbogbo. Ọmọpẹ́ a máa rò ó lórí ibùsùn pé bóyá ó ń ṣọ́ra ni, bóyá ìbẹ̀rù ni. Àwọn méjèèjì jọ ara wọn bí a bá ń wò wọ́n lókèèrè.

Òjò dé, ìdíje sì ń lọ. Ọmọpẹ́ ń borí. Olórin ṣubú, agbábọ́ọ̀lù ṣubú, ó ku òun àti Múrítàlá aláwàdà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ni ẹni tó bá borí yóò gbà. Ẹ̀rù wá ń ba Ọmọpẹ́, nítorí òfin ètò náà ni pé ẹbí atọ́kùn kò gbọdọ̀ díje.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ fún ọ̀gá yín. Kí wọ́n yọ mí. N kò ní bínú."

Ayọ̀díjí mi orí. "Ta ni ẹbí? A ò tíì ṣe ìdána. Èmi kì í sì í rí ìbéèrè kí n tó wọlé, inú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n ti ń fà á yọ lójú gbogbo ènìyàn. Tí a bá sọ ọ́ nísinsìnyí, wọ́n á ní mo ti ń fún ẹ ní ìdáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mi náà á bá a lọ." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọpẹ́, ìyá mi ń wo ètò yìí. Kò pa Sátidé kan jẹ. Ìwọ fúnra rẹ ni ó ń rí níbẹ̀, kì í ṣe obìnrin tó wà nínú fíìmù. Ṣé o ò fẹ́ kí ó rí ẹ dópin ni?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú un. Kò wu Ọmọpẹ́ kí ó ní ọkọ̀. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí obìnrin kan ní Ìsundunrin pe òun ní ìyàwó.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n parí ìdíje, gbọ̀ngàn kún. Joanna jókòó sí iwájú. Ní Ìsundunrin, wọ́n tan ẹ̀ńjìnnì, àwọn aládùúgbò sì kún yàrá Bàbá Rọra. Ọmọpẹ́ àti Múrítàlá ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí máàkì wọn fi dọ́gba. Ó wá ku ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọmọpẹ́ ni ó kàn láti dáhùn.

Ayọ̀díjí ya àpò ìwé náà. Ó wò ó. Ó tún un wò kí ó tó kà á síta.

"Orúkọ Yorùbá kan ni a ń fẹ́. Òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ ni ó ṣáájú nínú orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òrìṣà yìí rìn títí ó fi dé. Kí ni orúkọ náà? Sọ ọ́ kí n gbọ́!"

Orúkọ náà dé orí ahọ́n Ọmọpẹ́ kí Ayọ̀díjí tó pa ẹnu dé. Ó ti la ẹnu tán láti sọ ọ́. Ìgbà náà ni ó rí bàbá kan lójú ọkàn rẹ̀, tí ó fi omi búta bọ́jú, tí ó ní, mo ti jẹ́ ẹ.

Ó pa ẹnu dé.

Ó ń rò ó wàràwàrà. Ṣé ìdíje ni èyí, àbí ilé ni? Ó ti pe onírúurú nǹkan nínú fíìmù, ó ti bú ìyá ọkọ, ó ti ṣépè. Ìyẹn eré ni, orúkọ elòmíràn ni ó ń jẹ́ níbẹ̀. Níbí, Ọmọpẹ́ ni ó jókòó. Tí Ọmọpẹ́ bá pe bàbá ọkọ rẹ̀ ní orúkọ lójú gbogbo ayé kí ó lè gba ọkọ̀, kí ni ó kù tí ó yà á sọ́tọ̀ sí obìnrin tó wà nínú fíìmù?

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n n kò lè pè é."

Gbọ̀ngàn náà pa lọ́lọ́. Aago ń lọ.

Múrítàlá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu bí obìnrin, ó ní, "Yéè! Àbí orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ ni?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì tún dákẹ́, nítorí Ọmọpẹ́ kò sẹ́. Ó gbé ojú sókè, ó wo Ayọ̀díjí. Nínú gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, ọkùnrin náà àti Joanna nìkan ni ó mọ ìdí rẹ̀. Ìdákẹ́ náà ń gùn. Ọmọpẹ́ kò bẹ̀rù rẹ̀. Ó ti mọ ìdákẹ́ ọkùnrin yìí, ó ti fi ṣe ìrọ̀rí sùn. Ó ń retí kí ó dákẹ́ pẹ̀lú òun títí aago yóò fi dún.

Atọ́kùn la ẹnu.

"Bàbá ọkọ kẹ̀, Múrí! Ta ló gbọ́ ọ pé Olómi-Gbígbóná lọ́kọ? Ta ló fẹ́ bó lẹ́yìn?"

Gbọ̀ngàn bú gbàù. Àwọn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Aago dún. Múrítàlá pe orúkọ náà tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ọmọpẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ya fọ́tò pẹ̀lú wọn, ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Òṣèré ni.

Nínú mọ́tò, Joanna fẹ́ dá a lára yá. Ó ní, "Ṣẹ́ríì, olólùfẹ́ mi, o pàdánù ọkọ̀ nítorí ọkọ."

Ọmọpẹ́ ní, "Èwo nínú méjèèjì ni mo ní?"

Ṣùgbọ́n ní Ìsundunrin, kò sí ẹni tí ó ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ ẹni tí gbogbo wọn jókòó sí yàrá rẹ̀ ni wọ́n béèrè. Nígbà tí Ọmọpẹ́ ní òun kò lè pè é, àwọn obìnrin kígbe. Wàlíyátù dìde, ó ká ọwọ́ lé orí. "Ó gbé e mì! Ẹ wò ó, ó gbé orúkọ ọkọ mi mì!" Ó ṣì wà lórí ìdúró nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn dáhùn. Bàbá kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni rọra. Ó dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí Wàlíyátù fi pe Joanna.

"Joanna, mú ìyàwó mi wá fún mi."

"Ìyàwó yín wo, ìyá? Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi tí mo bímọ fún bàbá yìí, lọ́jọ́ tí inú bá bí mi mo máa ń pe orúkọ rẹ̀ dé ìdí. Ọmọ yẹn rí ọkọ̀ lójú, kò pè é. Mú un wá. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ni ó ń pè é."

Ayọ̀díjí náà ń pè. Ọmọpẹ́ kò gbé e títí ó fi rẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ó gbé e.

"Ọmọpẹ́, ìdákẹ́ yẹn ni. O mọ iṣẹ́ mi. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni."

"Mo mọ̀."

"Dárí jì mí."

"Mo ti gbọ́. Ìyá ní kí n wá ní Ọjọ́rú. A ó rí ara wa níbẹ̀."

Ó fẹ́ dárí jì í. Kí ẹ mọ èyí. Ní gbogbo ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́rú, ohun tí ó ń wí fún ara rẹ̀ ni pé ẹnu ló ṣẹ̀, ẹnu náà lè tún un ṣe.

Nígbà tí òun àti Joanna dé Ìsundunrin, Wàlíyátù ti dúró sí ìta láti àárọ̀. Ó di mọ́ Ọmọpẹ́ kí ọ̀kadà tó dúró dáadáa. "Ìyàwó mi. Má bínú. Ojú mi ló fọ́." Ó mú un lọ́wọ́ wọlé, ó fi í jókòó sórí ẹní tirẹ̀, ó gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ọmọpẹ́ sunkún. Ohun tí ó ti ń fẹ́ láti ìgbà ọyẹ́ nìyí, ó ti dé, ó gbóná lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayọ̀díjí dọ̀bálẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Ó ní òun ṣẹ̀, ó ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ìyá rẹ̀ ń mi orí, Joanna náà ń mi orí.

Ọmọpẹ́ ní, "Mo ti gbọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń fẹ́ kí ẹ ṣe. Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ẹ sọ pé obìnrin ọjọ́ sí lọ́kọ, ẹ̀yin sì ni. Ibi tí ẹ ti sọ èkíní ni kí ẹ ti sọ èkejì."

Wàlíyátù ní, "Ṣé ìyẹn náà ni? Ó máa sọ ọ́. Ayọ̀díjí, dá a lóhùn."

Ayọ̀díjí dákẹ́.

Ọmọpẹ́ ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Mímí tí ó mọ̀ ni, ti orí fóònù, kò yàtọ̀. Ìgbà náà ni ó wá yé e pé kì í ṣe òun ni ọkùnrin yìí fún ní ìdákẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti lè ná an ní nǹkan ni ó ti máa ń dákẹ́. Ibi tí kò bá ti ná an ní nǹkan, ó mọ̀ ọ́n sọ.

Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, "Jẹ́ kí sáà yìí parí ná. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ láti Èkó, ètò ńlá ni. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo fi nǹkan pamọ́… Fún mi ní àyè díẹ̀. Màá sọ ọ́. Mo fi Ọlọ́run ṣẹ̀rí."

Bàbá rẹ̀ yíjú kúrò lára rẹ̀.

Ọmọpẹ́ ti ń fi ẹ̀yin bá Ayọ̀díjí sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ó ti gbé omi wá fún un. Ó wá ní, "Ìwọ. Nígbà tí wọ́n bi mí léèrè, ṣé mo ní kí sáà parí ná?"

Kò gbé ohùn sókè. Joanna sọ fún mi pé ì bá sàn fún àwọn ká ní ó pariwo.

Ó dìde. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, ẹ ò ṣẹ̀ mí." Ó gbé ojú sókè wò ó. "Ó dàbọ̀, Bàbá Ògúnrìndé."

Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Wàlíyátù kígbe, "Má pè é! Ọmọ mi, má pè é, kó o padà!" Ṣùgbọ́n a ti pè é. Ìyàwó ilé kan kì í pe orúkọ yẹn. Ẹni tí ó bá ti pè é ti di àlejò.

Bàbá náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó ní, "Mo jẹ́ ẹ, ọmọ mi." Kò pè é ní ìyàwó.

Ọmọpẹ́ bọ́ sí ìta. Ó di gèlè rẹ̀ le, ó gun ọ̀kadà, Joanna gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ayọ̀díjí sáré jáde láìwọ bàtà. "Ọmọpẹ́! Ọmọpẹ́ o!" Ohùn tí gbogbo ìpínlẹ̀ mọ̀ ni, ìlẹ̀kùn ń ṣí kiri àdúgbò, àwọn obìnrin ń yọjú. Ó ń sọ ọ́ nísinsìnyí, ní ìta gbangba. "Ìyàwó mi ni ẹ́! Ìyàwó mi ni!"

Ọlọ́kadà dẹ ẹsẹ̀, ó béèrè pé ṣé kí òun dúró.

Ọmọpẹ́ ní, "Èjìgbò là ń lọ."

Joanna bojú wẹ̀yìn. Ó ní àyà òun kò le tó bẹ́ẹ̀. Ó rí ọkùnrin náà láàrin ọ̀nà, ó rí ìyá tí ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń wò wọ́n títí igi fi bò wọ́n. Ẹ̀yìn Ọmọpẹ́ ni ó wà níwájú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà, ó nà gbọọrọ. Kò yí ọrùn padà.